Pupa Tí Mo Kùn sí Ojú Àpótí Iná

Òórùn tínà ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí nípa ṣọ́ọ̀bù mi ní Okokomaiko, tínà tí a fi ń fọ yíǹkì kúrò lára síkíríìnì ìtẹ̀wé, tó máa ń gba imú wọ inú orí lọ. Ṣùgbọ́n kì í dá wà. Ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ ló tẹ̀ lé tèmi, ògiri páńkó kan ṣoṣo ló là wá láàárín, nítorí náà òórùn sítáàṣì àti ti aṣọ tí áyọ́ọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ máa ń gba àárín páńkó wọlé wá bá tínà mi. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, mo máa ń dúró díẹ̀. Àwọn ọmọ mi rò pé mo kàn fẹ́ràn òórùn aṣọ mímọ́ ni, n kò sì tíì sọ ohun tó fà á fún wọn.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni mo ń wí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ iṣẹ́ àwòrán yíyà àti lẹ́tà títò, mo sì gbà pé kò sí ohun tó kù tí n kò mọ̀. Ìwọ tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, o mọ irú ọjọ́ orí yẹn. Mo mọ bí àwọ̀ kan ṣe ń bá òmíràn rẹ́, mo mọ àlàfo tó yẹ kó wà láàárín lẹ́tà kan àti èkejì, mo sì máa ń fi ojú burúkú wo gbogbo síńbóọ̀dù tó wà lójú títì Àgbádárìgì bí ẹni pé èmi ni ìjọba fi ṣọ́ wọn. Káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ìjọ aláṣọ funfun, lébẹ́ẹ̀lì ọṣẹ, gbogbo rẹ̀ ni mo ń tẹ̀. Àdúgbò ń pè mí ní Aǹtí Ayàwòrán, orí mi sì ń wú.

Alágbàfọ̀ yìí, ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì sí ẹni tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé kéwú ló lọ ní kékeré. Bó bá ń ka kéwú, ohùn rẹ̀ máa ń dùn débi pé mo máa ń dá iṣẹ́ dúró gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà tiwa yìí kò yé e, kò sì tijú láti sọ ọ́. Òun ló ń lọ aṣọ níwájú, ìyàwó rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ilé, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, tí kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, á máa ṣa ìbọ̀sẹ̀ pọ̀ ní méjì méjì. Ìyàwó náà fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Bí ọwọ́ mi bá kún fún yíǹkì tí gèlè mi sì tú, òun ló máa ń yọ wọlé láì jẹ́ pé mo pè é, á bá mi wé e, á sì padà sídìí abọ́ ìfọṣọ rẹ̀. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ẹnìkẹta tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ ni ọ̀gá oníná. Bàbá Ìjẹ̀bú kan ni, ó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ajangbadi. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láàárín wa, ó ń ṣe àpótí irin kan tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri, tó ní ọwọ́ kan lára. Bí o bá ti ọwọ́ náà sókè, iná ìjọba ló máa wọlé. Bí o bá fà á wá sísàlẹ̀, iná jẹnẹrétọ̀ ni. Bí o bá fi í sí àárín, kò sí èyí tó lè wọlé nínú méjèèjì, o lè fọwọ́ kan wáyà bó ṣe wù ọ́. Ṣéńjófà ni gbogbo wa ń pè é.

Àpótí tirẹ̀ kò ní ojú. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti kàn án tán, á pe gbogbo ará ilé náà jọ, á di ọwọ́ wọn mú lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi ọwọ́ wọn ti ọwọ́ àpótí náà lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́ta. "Òkè, ìjọba. Ìsàlẹ̀, jẹnẹrétọ̀. Àárín, ó ti kú. Ó yá, ẹ̀yin náà ẹ ṣe é." Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣe é fún ìyá àgbà kan ní Ìbà Housing Estate. Màmá náà ń fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n ní kó gbá ejò mú, bàbá kò sì fi í sílẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Ó gbà tó ìdajì wákàtí. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo ń rẹ́rìn-ín nínú, mo ń sọ fún ara mi pé ìyà ńlá ni àìmọ̀kan fi ń jẹ bàbá yìí.

Ọjọ́ yẹn náà ló sọ ọ́ fún mi bí a ṣe ń padà bọ̀. "Ọmọ mi, èyí tó ń ti òkè òkun dé sí ọjà Alábà ní ojú tó ń dán. Bá mi fún tèmi náà lójú."

"Bàbá, ẹ fi sílẹ̀ fún mi," mo dáhùn. "Tí mo bá ṣe é tán, ẹ ò ní máa di ọwọ́ ẹnikẹ́ni mú mọ́. Ojú rẹ̀ ló máa sọ fún wọn."

Ó yíjú sí mi. "Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, bàbá. Títí kan ẹni tí kò mọ̀wé."

Mi ò purọ́ fún un o. Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Nítorí àwọn tí kò mọ̀wé gan-an ni mo ṣe ronú lórí àwọ̀, mo sì rò pé mo ti ṣe wọ́n lóore. Mo kun òkè ní àwọ̀ ewé, mo kun ìsàlẹ̀ ní àwọ̀ yẹ́lò, mo wá kun àárín ní pupa, pupa tó mọ́, tó ń tàn. Ṣé pupa ni ìdúró, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Pupa ni pípa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ sì ni iná tó ń dá ọkọ̀ dúró ní ìgboro Èkó ń sọ. Mo fi lẹ́tà gẹ̀ẹ́sì tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí bàbá rí i, ó rọra fi àtàǹpàkò ra ojú rẹ̀ bí ẹni ń ra orí ọmọ tuntun.

Alágbàfọ̀ náà wá wò ó. "Aǹtí, ojú yìí mà dán ju tèmi lọ! Ẹ bá mi kun tèmi náà, kí ìyàwó mi lè máa wò mí."

Ohùn ìyàwó rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn páńkó. "Tí wọ́n bá kùn ún tán, ta ni yóò máa fọ̀ ọ́?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà dúró níwájú mi, àpótí náà sì wà lórí tábìlì láàárín wa. Kò gbà ju kí n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Pupa yìí, kí ló sọ fún yín?" N kò béèrè. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ohun kan wà láti béèrè.

Kò pẹ́ sígbà náà ló ra jẹnẹrétọ̀ àlòkù kan ní Alábà, nítorí iná tí kì í dúró ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ọ̀gá oníná wá bá a kan àpótí, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ní ojú mi. Iná ti lọ ní àdúgbò wa láti ọjọ́ méjì ṣáájú ìgbà náà. Bàbá so ó tán, ó fi ọwọ́ àpótí náà sí àárín, níbi tí kò léwu, ó sì na ọwọ́ láti di ti alágbàfọ̀ mú gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ló bá rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi àṣà àtijọ́. "Ó wà lójú rẹ̀," ó wí, ó sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àílà, iná kò tíì dé. Alágbàfọ̀ ní òun fẹ́ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí áyọ́ọ̀nù ti jó dúdú kí iná tó padà. Mo ń po yíǹkì lọ́wọ́. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete láti ẹ̀yìn páńkó: "Bá mi wo àpótí yẹn, ṣé ó ti kúrò lórí pupa?"

"Ó ti kúrò," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Orí gíríìnì ló wà."

Mo gbọ́ ọ. Ó wọ etí mi kan, ó gba èkejì jáde. Yíǹkì tí mo ń pò ti fẹ́ ki jù, òun ló gbà mí lọ́kàn. Bóyá ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni fáànù tó wà lókè orí mi yí lẹ́ẹ̀kan, tí gbogbo àdúgbò sì hó. "Wọ́n ti mú un wá o!" Àwọn ọmọdé tú jáde, rédíò mẹ́ta mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi náà hó. Mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, mo hó pẹ̀lú wọn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ọ̀kan nínú igbe wọ̀nyẹn kì í ṣe igbe ayọ̀, àti pé ẹ̀yìn páńkó mi ló ti ń wá.

N kò ní sọ ohun tí mo rí fún ọ. Nígbà tí àwọn ọkùnrin fi igi gbá a kúrò lára wáyà, ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni ohun tí mo rí nígbà tí mo gbójú sókè nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọwọ́ àpótí náà wà lókè, lórí àwọ̀ ewé. Bàbá ti fi í sí ibi tí kò léwu, àwọ̀ tí mo kùn ló mú ọkùnrin náà gbé e kúrò níbẹ̀. Áyọ́ọ̀nù rẹ̀ sì wà lórí tábìlì, iná pupa kékeré ara rẹ̀ ń tàn. Iná pupa yẹn ló ń wò lójoojúmọ́ ayé rẹ̀ láti mọ̀ pé áyọ́ọ̀nù ti ń gba iná. Gílóòbù pupa kan wà lẹ́nu ọ̀nà onílé wa, tí a fi ń mọ̀ pé iná ti dé. Kò sí pupa kan nínú ilé ọkùnrin náà tó ń sọ ohun mìíràn ju pé iná wà. Mo dúró níbẹ̀, ohun gbogbo yé mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìyá ọkọ dé láti Ìsẹ́yìn. Wọ́n bi ìyàwó léèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀, ó sì sọ òótọ́, pé ọkọ òun ní kí òun wò ó, òun sì wò ó, òun sì sọ pé ó ti kúrò. "Ìwọ lo sọ fún un," ìyá ọkọ wí. Kò pariwo. Ìyàwó náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi àti ọ̀gá oníná jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, a gbọ́ ọ. Mo wo ojú bàbá, mo rí i pé ó ti yé òun náà. Ó rọra sọ ọ́ sí mi létí: "Ọmọ mi, jẹ́ kí ilé tutù ná. Tó bá yá, a ó sọ ọ́." Mo di "tó bá yá" yẹn mú bí ẹni tó ń rì. Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ, ìyá ọkọ mú ọmọbìnrin náà lọ sí Ìsẹ́yìn. Ó ní òun kò lè fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò wo nǹkan dáadáa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé ìsìnkú, bàbá ti mú síkúrúdíráfà, ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń tú ojú tí mo ṣe kúrò, ó sì ń di ọwọ́ àwọn èèyàn mú. Mo tẹ̀ lé e. Igbó-Elérin, Ìbà, Ajangbadi, ibi gbogbo tí àpótí náà dé la dé. Mo gbé ọ̀kan dání, mo sì ń bi ẹni tí mo bá rí: "Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá fẹ́ kí iná kú pátá, ibo lẹ máa tì í sí?" Bàbá kan tó ń ta taya lẹ́bàá títì rẹ́rìn-ín sí mi. "Pupa? Ṣebí pupa ni iná." Awakọ̀ kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní rárá o, pupa ni kí o dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lójú mi, àwọn méjèèjì sì tọ̀nà. Mo kọ́ láti pa ẹnu mi mọ́, ìyẹn ló le jù fún mi. Mo kọ́ pé bí mo bá béèrè bóyá ó yé wọn, wọ́n á ní ó yé àwọn, kí n má baà rò pé wọn kò gbọ́n. Ọwọ́ wọn ni mo ní láti máa wò. Nígbà tí mo ya ojú tuntun, àwòrán ló wà lórí rẹ̀, òpó iná lókè, jẹnẹrétọ̀ nísàlẹ̀, bàbá sì fi irin kékeré kan sí àárín tí ọwọ́ àpótí náà máa há sí, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní ṣèèṣì gbé e kúrò. Síbẹ̀ ó ń di ọwọ́ wọn mú, n kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ, mo lọ kọ́ kọ̀ǹpútà níbì kan ní Ọ̀jọ́. Olùkọ́ wa kọ orúkọ òyìnbó gígùn kan sójú pátákó, ó ní ẹ̀kọ́ tuntun ni: kí ayàwòrán jókòó ti ẹni tó máa lo nǹkan, kó máa wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe, kó má sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo jáde lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo ń lọ láti ilé dé ilé tí mo ń bi àlejò léèrè ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnì kan wà lẹ́yìn páńkó mi tí n kò lè bá sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ń ṣe opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Òórùn sítáàṣì ti dáwọ́ dúró. Mo máa ń gbé búrẹ́dì àti ṣúgà lọ bá a, n ó ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu láti ilé, bí mo bá sì ti jókòó tì í, ẹnu mi kò ní là. Ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ náà ló bi mí pé, "Aǹtí, ṣé ẹ gbọ́ mi lọ́jọ́ yẹn? Ṣé mo sọ ọ́ kó yé e?"

"Mo gbọ́ yín, Ẹ̀gbọ́n," mo dáhùn. "Ẹ sọ ọ́ dáadáa." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dìde, mo lọ sílé.

Ọjọ́ tó parí opó ni mo tó sọ ọ́. Ó ń ká àwọn aṣọ oníbàárà tí wọn kò tíì wá gbà. Mo kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì, mo sọ fún un pé àárín ni pípa, pé ibi tí bàbá fi í sí ni kò léwu, pé èmi ni mo kùn ún ní pupa láì bi ẹnikẹ́ni. Mo ní ohun tí ọkọ rẹ̀ rí ló rí, ohun tí òun náà rí ló sọ.

Ó ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀ tán. "Ọjọ́ wo lẹ mọ̀?"

"Ọjọ́ náà gan-an."

"Ọjọ́ náà gan-an," ó wí. Ó mú aṣọ mìíràn, kò ká a. "Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń bẹ ọkọ mi kó dárí jì mí." Kò bú mi. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bú mi. Ó kàn ní, "Ẹ ó bá mi dé Ìsẹ́yìn. Ẹ ó lọ sọ ọ́ níbẹ̀ bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí."

A lọ ní ọjọ́ kejì. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyá náà sunkún, ó sì ní kí wọ́n pe ọmọ wá. Ọmọ náà jáde, ó rí ìyá rẹ̀, ó sì lọ dúró sẹ́yìn ìyá àgbà. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ sí i, ó pè é ní gbogbo orúkọ tó ń pè é nílé, ọmọ náà ń wò ó láti ẹ̀yìn aṣọ bí ẹni ń wo àjèjì. Ó ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú ilé yẹn fún oṣù mẹ́rin.

Ní ti àwọ̀ pupa yẹn, mo lè wí fún ara mi pé n kò mọ̀. Oṣù mẹ́rin ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni n kò rí ohun tí n ó wí sí. Ohun tí àwòrán mi bà jẹ́, ó bà á jẹ́ kí n tó mọ̀. Ohun tí ẹnu mi tí mo pa mọ́ bà jẹ́, ojú mi ló ti bà á jẹ́. Bí iṣẹ́ mi bá ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà lónìí, kékeré ni o, ńlá ni o, ọjọ́ náà gan-an ni mo máa ń sọ ọ́, ọ̀pọ̀ oníbàárà ló sì ti bá mi jà nítorí rẹ̀. Wọ́n yọ̀ǹda ọmọ náà fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àwa mẹ́ta la jọ padà sí Èkó. Nígbà tí a wọ ọkọ̀, ìyá rẹ̀ ṣí àyè sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ọmọ náà wò ó, ó wò mí, ó sì wá jókòó tì mí.